Àlọ́ Tó Ní Àṣẹ́kù: Bí A Ṣe Ń Pa Àlọ́ àti Ẹ̀rù Àwámáàrídìí Pọ̀ Nínú Géèmù

Àlọ́ ní ìdáhùn. Bí àgbà bá ní “Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kanlẹ̀ ó kànrun,” ọmọdé á ní òjò ni, ọ̀rọ̀ á sì tán. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìṣòro ìrònú inú géèmù, tí a ó máa pè ní àlọ́ níbí. Ẹ̀rù àwámáàrídìí, ìyẹn ẹ̀rù ohun tí òye ènìyàn kò lè ká, kò rí bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí ènìyàn bá rídìí rẹ̀ ni ẹ̀rù náà kú. Ẹni tó bá fẹ́ fi méjèèjì sínú géèmù kan á tètè rí i pé wọ́n ń du àyè kan náà. Àlọ́ fẹ́ kí ọkàn balẹ̀ kí orí lè ronú. Ẹ̀rù kò fẹ́ kí ọkàn balẹ̀ rárá. Bí ẹ bá bu kún ẹ̀rù, àlọ́ á di ìnira. Bí ẹ bá bu kún àlọ́, ẹ̀rù á di ọ̀ṣọ́ ara ògiri.

Ọ̀nà tí a mọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ni pé kí àlọ́ fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹnu ọ̀nà tí ẹ̀rù ń gbà wọlé. Ẹni tó ń gbá géèmù já àlọ́, ó já a dáadáa, ìdáhùn rẹ̀ pé, síbẹ̀ ohun kan ṣẹ́ kù tí ìdáhùn náà kò kó mọ́ra. Àṣẹ́kù yẹn ni ẹ̀rù. Gbogbo ìgbésẹ̀ ìsàlẹ̀ yìí dá lórí rẹ̀.

Àpẹẹrẹ kan náà la ó máa lò: géèmù kékeré tí kò ju wákàtí kan lọ, tó wáyé ní abúlé àfinúrò kan ní Èkìtì, nísàlẹ̀ àpáta, ní àsìkò ọyẹ́. Irinṣẹ́ rẹ̀ ni Godot 4, tí a kì í sanwó fún, tó sì ń ṣiṣẹ́ lórí láptọ́ọ̀pù tí kò lágbára tí ẹ bá yan “Compatibility”, ọ̀nà ìyàwòrán rẹ̀ tó fúyẹ́, nígbà tí ẹ bá ń dá iṣẹ́ náà sílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ wá ohun tí kò ní oríkì

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí ènìyàn gbé òrìṣà tàbí iwin kan, kó fún un ní eyín gígùn, kó sì ní ẹ̀rù àwámáàrídìí nìyẹn. Kì í ṣe òun. Òrìṣà ní orúkọ, ó ní oríkì, ó ní èèwọ̀, ó sì ní ohun tó ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó bá bẹ̀ ẹ́. Ohun tí a lè bẹ̀ kì í ṣe àwámáàrídìí. Èyí tí a ń wá ni ohun tí kò gbọ́ oríkì, tí kò gba ẹbọ, tí kò bínú sí ẹnikẹ́ni, tí kò tilẹ̀ mọ̀ pé ènìyàn wà níbẹ̀.

Nítorí náà, ẹ má mú Olósùnta ti Ìkẹ́rẹ́ tàbí ibi ìbọ mìíràn tí àwọn ènìyàn ń bọ títí di òní kí ẹ sọ ọ́ di ẹranko abàmì. Yàtọ̀ sí pé kò bọ̀wọ̀ fún àwọn tó ni ín, ó tún ń ba ẹ̀rù náà jẹ́, nítorí pé ará Èkìtì tó bá ń gbá a ti mọ orúkọ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ mú ìrísí ilẹ̀ wa nìkan: àpáta tó dá dúró, òkè tó yí ìlú ká bíi ti Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, omi gbígbóná àti omi tútù tó ń sun nítòsí ara wọn tí wọ́n sì pàdé nísàlẹ̀ bíi ti Ìkọ́gòsì. Ohun tó wà lẹ́yìn wọn nínú géèmù, ẹ má fún un ní orúkọ rárá, kódà nínú fáìlì iṣẹ́ yín. Bí ẹ bá ti sọ ọ́ lórúkọ níbẹ̀, láìpẹ́ ẹnìkan nínú géèmù á pè é.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ yan àṣẹ́kù kan ṣoṣo

Ẹ kọ ọ́ sí pépà ní gbólóhùn kan: kí ni kò ní bára mu nínú ayé yìí? Nínú àpẹẹrẹ wa: *ohun gbogbo tí a bá kà á fi ẹyọ kan lé.* Ohun kan ń ka ara rẹ̀ mọ́ wọn. Kò sí ibì kan tí géèmù ti máa sọ gbólóhùn yìí jáde lẹ́nu.

Ìdí tó fi gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹyọ kan ni pé ẹni tó ń gbá a nílò ohun tí yóò dì mú. Bí omi bá ń sàn gòkè níbì kan, tí òkú ń rìn níbòmíràn, tí aago sì ń kà sẹ́yìn, orí rẹ̀ á sọ pé ohunkóhun lè ṣẹlẹ̀ níbí. Níbi tí ohunkóhun bá ti lè ṣẹlẹ̀, ẹ̀rù kò sí, àlọ́ náà kò sì ṣeé já, torí kò sí òfin tí ìrònú lè dúró lé.

Ìgbésẹ̀ 3: Àlọ́ mẹ́ta, orí páálí kí ó tó dé orí kọ̀ǹpútà

Mẹ́ta tó fún wákàtí kan. Ẹ gé páálí, ẹ lo ọmọ ayò àti ìwé àjákọ, kí ẹlòmíràn já wọn lórí tábìlì láìsí ẹ̀rù kankan. Àlọ́ tí kò dùn ún já ní ọ̀sán gangan kò ní dùn ún já nínú òkùnkùn.

Àkọ́kọ́ jẹ́ ti ọwọ́. Omi gbígbóná àti omi tútù ń gba ẹsẹ̀ àpáta kan kọjá. Ẹni tó ń gbá a á gbé òkúta 3 láti dí ojú omi tútù. Nígbà tí omi gbígbóná bá ń dá sàn nínú otútù ọyẹ́, èéfín rẹ̀ á gòkè, á rin ara àpáta, ibi tó rin á ṣú, àmì tí a gbẹ́ sí i á sì hàn. Kò sí ìwé kankan tó ṣàlàyé rẹ̀; èéfín díẹ̀ tó ń yọ lójú omi gbígbóná láti ìbẹ̀rẹ̀ ló ń tọ́ka. Nígbà tó bá yí padà láti lọ, òkúta tó wà nínú omi ti di 4. Ẹ má fi orin sí i. Ẹ má sún kámẹ́rà mọ́ ọn. Ẹni tó bá rí i ti rí i.

Ìkejì jẹ́ ti ojú. Àmì ara àpáta yẹn jẹ́ àwòrán ọpọ́n ayò lẹ́yìn ìta mẹ́ta. Ilé 12 ló wà nínú ọpọ́n, ọmọ 4 nínú ilé kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ 48. Ẹni tó ń gbá a ní láti mọ ilé tí ẹgbẹ́ kìíní ti kọ́kọ́ ta, èyí tí ẹgbẹ́ kejì ta tẹ̀ lé e, àti èyí tí ẹgbẹ́ kìíní tún ta, títí ọpọ́n tirẹ̀ yóò fi bá àwòrán mu. Ẹ yan ìta tí kò ní jẹ ọmọ kankan, kí iye má baà yí padà. Ilé òfìfo ni ìka àkọ́kọ́ tó ń tọ́ka: ibẹ̀ ni wọ́n ti kó ọmọ. Ìta mẹ́ta la sọ, kì í ṣe méjì, torí ìta méjì kò ju ọ̀nà 36 lọ, ẹni tó bá ń ṣe é láìronú á sì tètè bá a pàdé; ìta mẹ́ta tó ọ̀nà 190. Bí ó bá ti já a, á kó ọmọ ayò sínú àpò. Nọ́ńbà kékeré tó wà lára àpò á kà 49.

Ìkẹta jẹ́ ti ìmọ̀, a ó sì pẹ́ díẹ̀ lórí rẹ̀, torí òun ni ó so gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ọjà abúlé náà jẹ́ ọrọọrún. Bí a bá ná an ní ọjọ́ 1, ọjọ́ 5 la ó tún ná an, lẹ́yìn náà 9, 13, 17, nítorí pé ọjọ́ tí a ti bẹ̀rẹ̀ la máa ń kà mọ́ ọn. Ìwé owó ọjà wà lórí tábìlì: 1, 5, 9, 14, 18. Láàrin 9 àti 14, ọjọ́ kan lé. Àwọn ará ọjà kò fura, wọ́n ka ọrún wọn pé. Kàlẹ́ńdà ara ògiri nìkan ló mọ̀. Ọjọ́ wo ló lé gan-an? Ẹni tó ń gbá a á lọ sí ilé-ìwé, á sì ṣí ìwé tí olùkọ́ ń fi pe orúkọ. Lójoojúmọ́, ọmọ 31 ló wà. Ní ọjọ́ 11, 32 ni, ọwọ́ tó kọ ọ́ kì í sì í ṣe ọwọ́ olùkọ́.

Ẹ jẹ́ kí ó dáhùn ohun mẹ́ta pọ̀: ọjọ́ tó lé, ọjọ́ tó yẹ kí wọ́n ná ọjà, iye ọmọ tí wọ́n pè ní ọjọ́ tó lé. Géèmù kò gbọ́dọ̀ fèsì títí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò fi tọ̀nà. Géèmù Return of the Obra Dinn (2018) ló fi ọ̀nà yìí hàn kedere: mẹ́ta-mẹ́ta ló máa ń fọwọ́ sí ìdáhùn, kí ẹnikẹ́ni má baà máa dán ọ̀kọ̀ọ̀kan wò. Bí ó bá jẹ́ ọjọ́ nìkan la béèrè, nǹkan 30 ló ní láti tẹ̀, ìṣẹ́jú kan ti tó. Ẹni tó bá fi títẹ̀ já àlọ́ kò lóye ohunkóhun, ẹ̀rù tó yẹ kó tẹ̀ lé òye náà kò sì ní dé bá a.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ ya àkókò ìrònú sọ́tọ̀ kúrò lára àkókò ẹ̀rù

Ìwọ̀n tí a máa ń fi bẹ̀rẹ̀ nìyí: àlọ́, ìṣẹ́jú 6 sí 10; ẹ̀rù lẹ́yìn tó bá ti já a, ìṣẹ́jú àáyá 20 sí 40; ìrìn láìsí iṣẹ́ kankan, ìṣẹ́jú 2 sí 3, kí ohun tó rí lè rì sínú rẹ̀; lẹ́yìn náà àlọ́ mìíràn. Ìrìn yẹn ni àwọn ènìyàn máa ń gé kúrò nígbà tí wọ́n bá rò pé géèmù ń falẹ̀. Ẹ má gé e. Àárín ìrìn náà ni ẹni tó ń gbá a ti máa ń ka òkúta lẹ́ẹ̀kejì nínú ọkàn rẹ̀.

Níwọ̀n ìgbà tí àlọ́ bá ṣì wà lọ́wọ́, ohunkóhun kò gbọ́dọ̀ lé ẹni tó ń gbá a, òun náà kò sì gbọ́dọ̀ kú. Ikú máa ń mú un padà sẹ́yìn, á tún àlọ́ tó ti já tẹ́lẹ̀ já, á rí ohun ẹ̀rù kan náà lẹ́ẹ̀mẹta. Ní ìgbà kẹta, kì í ṣe ẹ̀rù mọ́, ìdíwọ́ ọ̀nà ni. Frictional Games ti ilẹ̀ Súwídìn mọ èyí: lẹ́yìn tí géèmù wọn, SOMA, ti jáde ní 2015, wọ́n fi ọ̀nà kan kún un ní 2017 tí ohun abàmì inú rẹ̀ kò fi ní í pa ẹni tó ń gbá a. Nínú Amnesia: The Dark Descent (2010) tí wọ́n ti ṣe ṣáájú, òkùnkùn máa ń ba ọpọlọ ẹni tó ń gbá a jẹ́, jíjá àlọ́ sì máa ń tún un ṣe. Ìyẹn dára fún géèmù tí ìtura jẹ́ èrè rẹ̀. Nínú irú tiwa, kí ìtura náà wá, kí ó sì wà fún bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá péré kí àṣẹ́kù tó fara hàn. Láìsí ìtura yẹn, àṣẹ́kù kò ní ibi tí yóò balẹ̀ sí.

Ìgbésẹ̀ 5: Kùrukùru, iná, àti ìró

Nínú Godot, kùrukùru ọyẹ́ wà nínú WorldEnvironment, lábẹ́ “Fog”. “Volumetric Fog” kò ṣiṣẹ́ nínú Compatibility, nítorí náà ẹ fi í sílẹ̀. Fún ìrìn, ẹ fi “Density” sí 0.05: ohun tó wà ní mítà 40 kò ní ṣẹ́ kù ju bí ìdá 14 nínú 100 lọ, ẹ ó rí òjìji rẹ̀ lásán. Fún ibi àlọ́, ẹ gbé e wá sí 0.02, ohun tó wà ní mítà 40 yẹn á hàn tó ìdá 45. Ẹ fi Area3D, ààlà tó ń mọ̀ bí ẹnìkan bá wọ inú rẹ̀, yí ibi àlọ́ ká, kí nọ́ńbà náà yí padà díẹ̀díẹ̀ láàrin ìṣẹ́jú àáyá 5 tí ẹsẹ̀ bá wọ ibẹ̀. Ojú á kàn rí i pé ilẹ̀ ń mọ́ díẹ̀, ọkàn á balẹ̀, ìrònú á bẹ̀rẹ̀.

Tọ́ọ̀ṣì ọwọ́ ẹni tó ń gbá a jẹ́ SpotLight3D: igun 25 sí 30, ibi tó ń tàn dé mítà 8 sí 10. Ohun tó bá jẹ́ atọ́ka àlọ́ gbọ́dọ̀ ní iná kékeré tirẹ̀, àtùpà tàbí ojú fèrèsé, tí kò gbára lé tọ́ọ̀ṣì. Ẹ má fi àwọ̀ nìkan ṣe atọ́ka. Kùrukùru máa ń pa àwọ̀ rẹ́, ojú gbogbo ènìyàn kò sì rí pupa àti ewéko bákan náà. Ẹ fi iye, ìrísí tàbí ipò kún un. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé láptọ́ọ̀pù sí ibi tí oòrùn ọ̀sán ń dé, kí ẹ dín ìmọ́lẹ̀ ojú rẹ̀ kù sí ìdajì, kí ẹ wò ó bóyá ẹ ṣì lè ka ìwé ọjà yẹn. Báyìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn á ṣe gbá a nígbà tí iná bá ti lọ tí wọ́n sì ń ṣọ́ bátìrì.

Ní ti ìró, ibi tí ilẹ̀ Èkìtì ti lọ́rọ̀ jù nìyí. Ẹ fi fóònù gba ìró odó níbi tí wọ́n ti ń gún iyán, láti bí mítà 20, kì í ṣe nítòsí. Ẹ gbé e sínú Audacity, irinṣẹ́ àtúnṣe ìró, ẹ dín ìyára rẹ̀ kù sí 0.25, ohùn rẹ̀ á lọ sílẹ̀ ní òkítéfù méjì, ìkọlù kan á gùn ní ìlọ́po mẹ́rin. Ará Èkìtì á mọ̀ ọ́n láìmọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n: ìró ilé ni, ṣùgbọ́n ẹni tó ń gún un ti tóbi jù. Ẹ má pa gbogbo ohùn òkè rẹ̀. Sípíkà fóònù àti ti láptọ́ọ̀pù kékeré kì í fẹ́ẹ̀ẹ́ gbé ohun tó bá wà nísàlẹ̀ 200 Hz, nítorí náà ẹ fi ìró kan tó wà láàrin 200 sí 400 Hz sábẹ́ rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹni tí kò ní íápíìsì kò ní gbọ́ nǹkan kan.

Ìró tráńsífọ́mà náà wúlò. Iná wa jẹ́ 50 Hz, tráńsífọ́mà sì máa ń kùn ní 100 Hz. Gbogbo wa mọ̀ pé tí iná bá lọ, kíkùn náà á dákẹ́. Nínú géèmù, kí iná abúlé lọ, kí kíkùn náà má dákẹ́. Kò sí ohun tí ẹ ó yà, kò sí ohun tí ẹ ó kọ. Ẹ fi bí ìlọ́po méjì àti mẹ́rin rẹ̀, 200 àti 400 Hz, kún un kí sípíkà kékeré lè gbé e. Lákòókò àlọ́, ẹ fi ìró gbogbo sílẹ̀ ní ìwọ̀n kan tí kò yí padà. Ìró tó ń yí ló ń fa ọkàn kúrò nínú ìrònú. Lẹ́yìn tí wọ́n bá já a, ẹ pa gbogbo rẹ̀ lẹ́nu mọ́ fún ìṣẹ́jú àáyá 4 sí 7. Igbe òjijì kò pọn dandan.

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹnu àwọn ará abúlé

Ohun kan wà tí èdè wa lè ṣe tí ọ̀pọ̀ èdè kò lè ṣe. Nínú géèmù, ẹni tó ń gbá a jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin, ó dá wá. Ìyá àgbà kan jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ó yẹ kó sọ pé “O káàbọ̀, ọmọ mi.” Ó sọ pé “Ẹ káàbọ̀.” Àgbà kì í fi *ẹ* kí ọmọ ọmọ rẹ̀. Ẹni tó ń gbá a á kọ́kọ́ rò pé ọ̀wọ̀ ni, tàbí pé ẹni tó kọ géèmù ṣì í kọ. Nígbà tí ìyá náà bá gbé omi wá, ife méjì ló máa wà lórí àwo. Kò gbọ́dọ̀ ṣàlàyé. Lẹ́yìn náà, kí gbogbo ará abúlé máa kí i bẹ́ẹ̀, láìsí ẹni tó yà lẹ́nu.

Kí èyí tó lè ṣiṣẹ́, èdè tó kù gbọ́dọ̀ mọ́ kedere. Bí ẹ bá lo Èkìtì lẹ́nu wọn, kí ilé jẹ́ *ulé* láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí ẹ bá pa á pọ̀ mọ́ Yorùbá àjùmọ̀lò láìlétò, *ẹ* ìyá àgbà á sọnù sáàárín àṣìṣe. Àmì ohùn náà kò ṣeé fi sílẹ̀: láìsí wọn, *ọkọ*, *ọkọ́* àti *ọkọ̀* di ọ̀kan náà, ẹni tó bá sì ń wá atọ́ka nínú ìwé á ṣìnà. Ẹ lo fọ́ǹtì bíi Noto Sans, tó ń to àmì òkè àti ti ìsàlẹ̀ sójú ibi wọn, kí ẹ sì kọ “ẹ̀, ẹ́, ọ̀, ọ́” sínú géèmù láti rí i pé kò sí àmì tó fò kúrò. Ìwé tí wọ́n á kà nínú géèmù kò gbọ́dọ̀ ju ọ̀rọ̀ 60 lọ. Ìwé tó gùn máa ń ṣàlàyé, àlàyé sì ni ọ̀tá ẹ̀rù yìí.

Ìgbésẹ̀ 7: Ẹni tó há

Ẹni tó ti há fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kò bẹ̀rù mọ́, inú ń bí i ni. Ẹ lo Timer kan fún àlọ́ kọ̀ọ̀kan, ìṣẹ́jú àáyá 180 ni “Wait Time” rẹ̀, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun nígbàkigbà tó bá ṣe ohun tuntun tó tọ̀nà. Ìgbà àkọ́kọ́ tó bá pé, ayé ń tọ́ka: afẹ́fẹ́ ṣí ojú ewé ìwé náà. Ìgbà kejì, ará abúlé sọ gbólóhùn kan tó kan àlọ́ náà. Ìgbà kẹta, ẹ gbé ìdá kan àlọ́ náà fún un ní gbangba, bíi kí ọmọ ayò ìta kìíní ti wà nípò. Ẹ má jẹ́ kí ohun tí kò lóríkì yẹn fúnra rẹ̀ ràn án lọ́wọ́. Ohun tó bá ran ènìyàn lọ́wọ́ ti mọ̀ pé ó wà.

Ìgbésẹ̀ 8: Ẹ fún ọ̀ta gbá, ẹ fún òpè gbá

Ènìyàn mẹ́fà tó: mẹ́ta tó mọ géèmù gbá, àwọn ni ọ̀ta, mẹ́ta tí kò mọ̀ ọ́n, àwọn ni òpè. Ẹ jókòó sẹ́yìn wọn, ẹ má sọ̀rọ̀. Kí géèmù máa kọ àkókò tí àlọ́ kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tó parí sí fáìlì nínú “user://”, ibi tí Godot ń kó fáìlì géèmù sí, kí ẹ sì fọwọ́ kọ ìgbà tí ẹnìkan bá dáwọ́ dúró, tó bá rẹ́rìn-ín, tó bá wo ẹ̀yìn rẹ̀ nínú yàrá. Bí ọ̀ta bá já àlọ́ ní ìṣẹ́jú 3 tí òpè sì lo 9, ẹ má ṣe é le sí i. Àwọn atọ́ka ìṣẹ́jú mẹ́ta-mẹ́ta yẹn ni yóò mú wọn súnmọ́ra.

Lẹ́yìn tó bá parí, ìbéèrè mẹ́ta: Kí ló ṣẹlẹ̀ ní abúlé náà? Ìgbà wo lo kọ́kọ́ mọ̀ pé nǹkan kò bára mu? Kí ni ohun náà? Lórí ìbéèrè kìíní, ìdáhùn àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà gbọ́dọ̀ súnmọ́ra; bí kò bá súnmọ́ra, àlọ́ ni kò gbé iṣẹ́ rẹ̀ dé, ẹ padà sórí páálí. Ìbéèrè kejì yẹ kó yàtọ̀: ẹnìkan á ní òkúta, ẹnìkan á ní àpò ayò, ẹnìkan á ní ife omi. Bí gbogbo wọn bá ní ìwé ilé-ìwé ni, àwọn àṣẹ́kù ìṣáájú ti fara pamọ́ jù. Ẹ fi òkúta kẹrin síbi tí ojú á bá a nígbà tí wọ́n bá ń jáde. Lórí ìkẹta, bí ẹni mẹ́rin bá fún yín ní ìdáhùn kan náà, ẹ ti sọ̀rọ̀ jù níbì kan. Ẹ wá ìwé tàbí gbólóhùn tó sọ ọ́, ẹ yọ ọ́ kúrò, kí ẹ sì pe ènìyàn mẹ́fà mìíràn tí kò tíì rí géèmù náà rí.